Ẹ̀yin tó fẹ́ ya fọ́tò Júpítà láti Àbújá, ẹ náwó sórí dígí

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Bí owó kò bá pọ̀ lọ́wọ́, tẹlisíkóòpù Dobsonian (èyí tó jókòó sórí ìdúró tí a ń fọwọ́ yí) onídígí íǹṣì 8, f/6, ni kí ẹ rà. Ìtumọ̀ f/6 ni pé ibi tí dígí ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sí jìnnà sí i ní ìlọ́po 6 fífẹ̀ rẹ̀. Ẹ má kówó lé ẹsẹ̀ equatorial, ìyẹn ẹsẹ̀ tẹlisíkóòpù tí a ń tẹ̀ bá ibi tí a wà láyé mu kó lè máa tẹ̀lé ìràwọ̀. Dìgírì 9 péré ni Àbújá fi jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sì lè tẹ̀ wálẹ̀ tó ìyẹn. Irin tó gbé òṣùwọ̀n tó ń mú un dọ́gba á máa kọlu ìdúró rẹ̀. Àǹfààní tiwa ni pé Júpítà àti Sátọ̀n máa ń gòkè gan-an níbí, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ kì í ti í da àwòrán rú púpọ̀.

Ní ti kámẹ́rà, ẹ sọ ìwọ̀n píksẹ́lì rẹ̀ (àwọn ojú kéékèèké tó ń gba ìmọ́lẹ̀), ní máíkírọ́ọ̀nù, di ìlọ́po 5 kí ẹ lè mọ iye f tó yẹ. Máíkírọ́ọ̀nù 2.9 á fún yín ní f/14.5, nítorí náà Barlow 2.5x (lẹ́ńsì tó ń sọ f/6 di ìlọ́po 2.5) ti tó. Ẹ má ra 5x rárá, àwòrán á ṣókùnkùn.

Dobsonian lásán kì í tẹ̀lé ìràwọ̀. Ẹ jẹ́ kí Júpítà rìn kọjá nínú fídíò léraléra; ètò kọ̀ǹpútà PIPP á kó o sí àárín, ètò AutoStakkert á to àwọn àwòrán inú fídíò náà léra, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Ẹ má jẹ́ kí àpapọ̀ fídíò tí ẹ máa tò léra ju ìṣẹ́jú 3 lọ, torí Júpítà ń yí kíákíá, wákàtí 10 kì í pé tó fi yí po.

Ẹ gbé tẹlisíkóòpù síta ní wákàtí kan ṣáájú kí dígí lè tutù, kó jìnnà sí òrùlé páànù àti ẹ̀yìn ẹ̀rọ amúlétutù. Lásìkò ọyẹ́, ẹ má faṣọ nu eruku dígí, á ha. Ẹ fẹ́ ẹ dànù ni.