Bí A Ṣe Ń Gun Àpáta Kúkurú Tí Wọ́n Ti Kan Irin Mọ́

Àpáta tí kò ju mítà 10 lọ kì í ṣe ohun tí à ń fojú kéré. Ẹni tó já bọ́ lókè téńté, okùn á rí àyè gbá a mú. Ẹni tó já bọ́ kó tó kọjá irin kejì lè balẹ̀ gbì kí okùn tó le. Ìsàlẹ̀ ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù ju òkè lọ. Ẹ má sì dá a ṣe o: ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ni kí ẹ bá lọ.

Ẹ kọ́kọ́ dúró nílẹ̀, kí ẹ ka irin tó wà lára àpáta. Iye tí ẹ bá kà ni iye ìkọ́ oníbejì (ìkọ́ méjì tí ọ̀já kúkurú so pọ̀, ọ̀kan fún irin, èkejì fún okùn) tí ẹ máa fi kọ́ ìgbànú agunpáta, èyí tó di ìbàdí àti itan yín mú. Ẹ fi méjì kún un fún òkè. Kí okùn gùn ju ìlọ́po méjì gíga àpáta lọ, torí yóò gòkè, yóò tún sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ta kókó sí ìdí rẹ̀, kó má baà yọ lọ́wọ́ ẹnìkejì yín tó ń dì í mú nílẹ̀.

Kókó tó rí bí 8 la fi ń so okùn mọ́ ìgbànú. Ẹ ta á, ẹ ki etí okùn bọ ojú ìgbànú, kí ẹ sì tọ ipa kókó náà padà títí yóò fi di oníbejì. Lọ́dún 1989, Lynn Hill, ògbóǹtarìgì agunpáta ọmọ Amẹ́ríkà, já bọ́ ní Buoux nílẹ̀ Faransé torí pé kò ta kókó rẹ̀ parí. Igi ló gbà á sílẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnìkejì yẹ kókó yín wò, kí ẹ̀yin náà yẹ irin tó fi ń há okùn wò, bóyá ó tì í pa.

Ó yá, ẹ máa gùn. Kí ẹ tó fi okùn kọ́ irin àkọ́kọ́, kí ẹnìkejì na ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn yín. Bí ẹ bá ń fi okùn sínú ìkọ́, ìhà àpáta ni kó ti wọlé, kó sì jáde síhà ọ̀dọ̀ yín. Bó bá yí padà, ó lè já ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má na ọwọ́ tán láti fi okùn kọ́ irin tó wà lórí yín: gbogbo okùn tí ẹ fà sókè yẹn, ìṣubú ni ẹ fi ń kún. Ẹ jẹ́ kí irin dé ìbàdí tàbí àyà. Kí okùn má sì wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ yín, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó dorí kodò.

Bí ẹ bá dókè, ẹ fi ìkọ́ méjì kọ́ irin méjèèjì, kí ẹnu wọn kọ ẹ̀yìn síra, kí okùn gba inú méjèèjì. Ẹ ké pé “Fà á le!”, ọ̀rọ̀ tí ẹ ti jọ fẹnu kò sí nílẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá mọ̀ ọ́n lára pé okùn ti le ni kí ẹ tó jókòó sínú ìgbànú. Ẹ ya ẹsẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ àpáta, ẹ máa fẹ̀yìn rìn bọ̀ wálẹ̀. Ní ti títú àwọn ìkọ́ yẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.