Bí A Ṣe Ń Yan Ọ̀nà Tó Pa Rọ́rọ́ fún Kẹ̀kẹ́ ní Ìgbèríko Faransé

Títì ọlọ́dà tó dán, tí ènìyàn lè gun kẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀ pẹ́ títí kó má pàdé ju mọ́tò kan tàbí méjì lọ, pọ̀ lọ súà ní ìgbèríko Faransé. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹni tó gbé kẹ̀kẹ́ débẹ̀ ló ń rí i. Ẹlòmíràn á tẹ orúkọ ìlú tó ń lọ sínú fóònù, á tẹ̀lé ohun tí fóònù wí, tírélà á sì máa gbá afẹ́fẹ́ lù ú láti àárọ̀ dalẹ́, nígbà tí ọ̀nà tó dákẹ́ wà ní kìlómítà méjì péré sí apá ọ̀tún rẹ̀.

Kí ẹ tó fa ìlà kankan sórí máàpù, ẹ fi èyí sọ́kàn: títì máa ń dákẹ́ nígbà tí awakọ̀ bá ní òmíràn tó yá jù ú lọ nítòsí. Jíjìnnà sí ìlú nìkan kò tó. Bí títì kan ṣoṣo bá wà tó gba àárín òkè kọjá, gbogbo mọ́tò àdúgbò náà ló máa wà lórí rẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀nà ńlá, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ ka nọ́ńbà títì

Lẹ́tà tó ṣáájú nọ́ńbà ló ń sọ irú títì tó jẹ́. Lẹ́tà A jẹ́ ti ọ̀nà márosẹ̀; kẹ̀kẹ́ kò gbọ́dọ̀ débẹ̀. N jẹ́ títì ìjọba àpapọ̀. Ẹ yẹra fún un, nítorí òfin ti lé kẹ̀kẹ́ kúrò ní apá ibì kan lára rẹ̀, tírélà ló sì kún ìyókù. D ni ti ẹkùn (département), C tàbí VC sì ni ti ìjọba ìbílẹ̀.

D ló ń tan ènìyàn jẹ. Ní 2006, ìjọba àpapọ̀ kó ọ̀pọ̀ títì N fún àwọn ẹkùn. Orúkọ yí padà, tírélà kò yí padà. N6 tó ti Paris lọ sí Lyon àti Ítálì ti di D906 ní ẹkùn Saône-et-Loire, ó sì di D1006 ní Savoie. Bí ẹ bá rí D tó ní nọ́ńbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6, 9 tàbí 10, ẹ fura sí i títí àwọ̀ rẹ̀ lórí máàpù yóò fi fi yín lọ́kàn balẹ̀.

Ẹ wá títì funfun

Máàpù bébà Michelin, èyí tí sẹ̀ǹtímítà kan rẹ̀ jẹ́ kìlómítà kan àbọ̀ (1:150 000), ṣì wúlò ju fóònù lọ fún iṣẹ́ yìí, torí pé ojú yín á ká gbogbo àdúgbò lẹ́ẹ̀kan náà. Pupa ni títì ńlá. Yẹ́lò ni ó so àwọn ìlú kéékèèké pọ̀. Funfun ni tiyín. Ẹ lo yẹ́lò láti fi bọ́ sí funfun, kí ẹ má sì pẹ́ lórí rẹ̀. Ìlà aláwọ̀ ewé tó bá gba ẹ̀gbẹ́ títì kọjá ń sọ pé ibẹ̀ rẹwà. Àmọ́ ẹwà yẹn ló ń pe àwọn alálùpùpù wá ní oṣù Kẹjọ.

Ẹ ka àmì òkè pẹ̀lú. Orí ọfà kan túmọ̀ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìdá 5 sí 9 nínú ọgọ́rùn-ún, méjì jẹ́ 9 sí 13, mẹ́ta sì ju 13 lọ. Ọ̀nà tó yára máa ń tẹ̀lé àfonífojì odò, títì funfun a sì máa gun òkè. Ẹsẹ̀ la fi ń sanwó ìdákẹ́jẹ́ẹ́ níbẹ̀, nítorí náà ẹ ṣírò gíga òkè kí ẹ tó ṣírò jíjìn ọ̀nà.

Ẹ fa ìlà náà

Ẹ yan abúlé tí kò jìn síra ju kìlómítà márùn-ún sí mẹ́jọ lọ, kí ẹ fi títì funfun so wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá ní láti pàdé títì pupa, ẹ dá a kọjá ní tààrà. Ẹ má tẹ̀lé e, ì báà jẹ́ fún kìlómítà kan. Ibi tí ọ̀nà rere ti sábà máa ń bàjẹ́ ni kìlómítà márùn-ún tó gbẹ̀yìn sínú ìlú ńlá. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti wá ipa kẹ̀kẹ́ etí odò, tàbí kí ẹ wọkọ̀ ojú irin.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí àwòrán títì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo àárín rẹ̀. Bí kò bá sí ìlà funfun láàárín, títì náà kò fẹ̀ tó fún ẹni tó ń kánjú, kò sì ní sí mọ́tò púpọ̀ níbẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ó lọ́dà pẹ̀lú, torí pé áàpù máa ń fi ọ̀nà oko olókùúta ṣe títì. Lórí ojú òpó máàpù ìjọba Faransé tí a ń wò lọ́fẹ̀ẹ́ (cartes.gouv.fr, tó rọ́pò Géoportail), ẹ lè fi àwòrán láti òfuurufú yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ jẹ́ ká fi gúúsù Bourgogne ṣe àpẹẹrẹ. Tournus wà létí odò Saône, ọkọ̀ ojú irin TER sì ń dúró níbẹ̀. A6 àti D906 jọ tẹ̀lé odò náà, wọ́n sì gba gbogbo ẹni tó ń ti àríwá lọ sí gúúsù. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí odò, kí ẹ fi D14 gun òkè gba Ozenay lọ sí Brancion, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí Chapaize, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀rúndún kọkànlá wà, títí dé Cormatin. Títì funfun wà lọ́tùn-ún lósì D14 fún ẹni tó bá fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sí i.

Ní Cormatin, ẹ ó bọ́ sórí ipa ojú irin àtijọ́ tí wọ́n da ọ̀dà sí, tó ti Givry wá sí Cluny, kìlómítà 44 lápapọ̀. Wọ́n ṣí i ní 1997. Orí D981 ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mọ́tò wà. Láti Cluny, ihò abẹ́ òkè Bois Clair, kìlómítà kan àbọ̀ àti díẹ̀, ló gbé yín lọ sápá Mâcon. Ṣùgbọ́n wọ́n ń tì í nígbà òtútù nítorí àwọn àdán tó ń sùn níbẹ̀. Nígbà yẹn, ẹ gba orí òkè náà kọjá lórí títì kékeré, kí ẹ má sì jẹ́ kí áàpù tì yín sórí N79, níbi tí tírélà pọ̀ sí. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 65, TER á sì gbé yín padà láti Mâcon. Lópin ọ̀sẹ̀, àwọn ọmọdé àti ajá máa ń kún ipa ojú irin yìí. Ẹni tó bá fẹ́ sáré, títì funfun ni kó wà.

Ẹ yan wákàtí

Láti aago méjìlá sí méjì ọ̀sán, gbogbo ènìyàn ló ń jẹun. Títì yẹ́lò gan-an máa ń rọlẹ̀ nígbà yẹn. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ Sátidé sí aago mẹ́wàá alẹ́ Sọ́ńdè, òfin kò gba ọ̀pọ̀ jù lọ ọkọ̀ akẹ́rù tó wúwo ju tọ́ọ̀nù 7.5 lọ láàyè lójú pópó. Sọ́ńdè ló dára jù, àmọ́ ẹ ra oúnjẹ kí ọ̀sán tó pọ́n, torí pé ṣọ́ọ̀bù abúlé yóò tì. Ọ̀pọ̀ ilé búrẹ́dì kì í ṣí lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹ gbé omi lítà kan àbọ̀. Bó bá tán, ẹ wá itẹ́ òkú: ẹ̀rọ omi sábà máa ń wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ “eau non potable” sí i, ẹ má mu ún.

Ohun tó ń gbé ènìyàn ṣubú

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n máa ń da òkúta wẹẹrẹ sórí ọ̀dà tútù láti fi tún títì ṣe. Bí ẹ bá rí àmì “gravillons” (òkúta wẹẹrẹ), ẹ dín eré kù kí ẹ tó dé kọ́nà, ẹ má sì fún búréèkì iwájú mọ́lẹ̀. Nínú abúlé, níbi tí kò sí àmì, ẹni tó ń bọ̀ láti apá ọ̀tún ló ni ọ̀nà, kódà bó jẹ́ inú ọ̀nà tóóró ló ti yọ. Láti oṣù Kẹsàn-án títí dé ìparí oṣù Kejì, àwọn ọdẹ ń yìnbọn nínú igbó, pàápàá lọ́jọ́ Sọ́ńdè; ẹ wọ aṣọ tó hàn ketekete.

Táyà 28 sí 32 mm ló bá títì wọ̀nyí mu. Fún ẹni tó wọn kìlógíráàmù 75, táyà 32 fẹ́ afẹ́fẹ́ tí agbára rẹ̀ tó nǹkan bíi 55 sí 60 psi. Bó bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀dà hágahàga á máa gbọn ọwọ́ yín. Ẹ mú tíúùbù méjì dání, torí pé alátùn-únṣe kẹ̀kẹ́ kì í sí ní abúlé. Aago kẹ̀kẹ́ àti iná, funfun níwájú, pupa lẹ́yìn, pọn dandan. Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ tó ń tàn lálẹ́ lẹ́yìn ìlú. Òfin kò fàyè gba ohun ìgbọ́rin létí.

Fún àwọn Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ ojú omi láti Newhaven ń gbé kẹ̀kẹ́ dé Dieppe ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin. Láti Arques-la-Bataille, ní ìta ìlú náà, ipa ojú irin àtijọ́ kan lọ sí Forges-les-Eaux, títì funfun sì pọ̀ káàkiri ibẹ̀. Ẹ rántí pé ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà. Òwúrọ̀ lórí títì tó ṣófo ni àṣìṣe yìí ti ń ṣẹlẹ̀ jù, torí pé kò sí mọ́tò tó máa rán yín létí. Ẹ lẹ téèpù pupa mọ́ ọwọ́ ọ̀tún kẹ̀kẹ́, kí ẹ sì wò ó ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá dúró tí ẹ tún fẹ́ gbéra.