Ẹ̀rọ Ògbufọ̀ Ló Ń Pa Ìtàn Yín: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Ìwé Ìtàn Ènìyàn àti Ará Ìràwọ̀

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan gbé ìwé ìtàn rẹ̀ wá fún mi. Olóòtú kankan kò tíì fojú kàn án, ó sì ti lọ tẹ ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà. Èèpo ìwé náà ń dán gbinrin, ọkọ̀ òfuurufú tó wà lójú rẹ̀ wuyì. Ojú ewé kẹtàlá ni ará ìràwọ̀ kọ́kọ́ yọjú. Nígbà tó fi máa di ojú ewé kẹrìnlá, ó ti ń sọ̀rọ̀ geere bíi lọ́yà, ó sì ń yé gbogbo ènìyàn. Mo pa ìwé dé. Owó tó wọgbó yẹn dùn mí wọra.

Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣe olóòtú irú ìwé báyìí, mo sì ń kọ tèmi náà. Mi ò fẹ́ kọ́ ẹnikẹ́ni ní àbíídí níbí. Bí a ṣe ń to gbólóhùn, bí ẹ̀dá ìtàn ṣe ń sọ̀rọ̀, bí orí kan ṣe ń parí, mo gbà pé ẹ ti mọ ìyẹn. Àṣìṣe tó jẹ́ ti ìtàn ènìyàn àti ará ìràwọ̀ tó ń wá àlàáfíà gan-an ni mo ń bá wí.

Àkọ́kọ́, ogun tí kò nídìí. Ẹ ò lè kọ bí ìjà ṣe parí bí ẹ ò bá mọ ohun tó dá a sílẹ̀. Púpọ̀ nínú ìwé tó ń dé ọwọ́ mi ló ní àwọn àjèjì wá jí omi Ayé. Omi! Yìnyín kún ara àwọn kọ́mẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwọn ìràwọ̀ onírù. Àwọn onímọ̀ sì gbà pé omi tó wà lábẹ́ yìnyín Europa, ọ̀kan nínú àwọn òṣùpá Júpítà, pọ̀ ju gbogbo omi òkun Ayé lọ. Ẹni tó ní ọkọ̀ tó lè ti ìràwọ̀ kan dé òmíràn kò ní fi omi tí kò sẹ́ni tó ni ín sílẹ̀, kó wá máa jagun nítorí tiwa. Ẹ wá ohun tí apá méjèèjì nílò ní tòótọ́, tí kò sì rọrùn láti pín. Ìgbà yẹn ni àlàáfíà á tó ná wọn ní nǹkan.

Ìkejì, ọ̀nà tó jìn tí ẹ sọ di ìtòsí. Proxima Centauri ni ìràwọ̀ tó sún mọ́ oòrùn wa jù. Ìmọ́lẹ̀ ń sáré tó kìlómítà 300,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, síbẹ̀ ó ń lò ju ọdún 4 lọ kó tó débẹ̀. Voyager 1, ọkọ̀ tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sójú ọ̀run lọ́dún 1977, ń sáré bíi kìlómítà 17 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ló dojú kọ, á lò ju 70,000 ọdún lọ lójú ọ̀nà. Àmọ́ nínú ìwé yín, aṣojú Ayé á kàn tẹ bọ́tìnnì, ààrẹ á sì dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Láàárín Ayé àti Mars pàápàá, ọ̀rọ̀ ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 sí 22 kó tó débẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ọkọ̀ tó yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ, kò burú. Ẹ ṣe òfin rẹ̀, kí ẹ sì pa òfin náà mọ́. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má tètè ju ìdádúró yìí nù, torí ìṣúra ni. Ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, 1814 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní Ghent, ìlú kan ní Yúróòpù, láti parí ogun tó wà láàárín wọn. Ìròyìn rẹ̀ kò tíì rékọjá òkun nígbà tí wọ́n fi ja ogun New Orleans, ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 8 oṣù Kìn-ín-ní, 1815. Òkun kan péré nìyẹn. Ẹ wá wo aṣojú tó ti bọ ọ̀tá lọ́wọ́, tó sì mọ̀ pé àṣẹ ìkọlù tó kúrò nílé láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ṣì ń bọ̀ lọ́nà.

Ìkẹta, ìbọn tó ń dún gbàmù nínú òfìfo ojú ọ̀run. Ohùn kì í rìn níbi tí kò sí ohun tó máa gbé e.

Ìkẹrin, orúkọ tí ẹnu kò lè pè. Kíkó X mẹ́rin pọ̀ kò sọ ẹnikẹ́ni di àjèjì.

Ó wá kan èyí tó ń dùn mí jù, ẹ̀rọ ògbufọ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n: ohun kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ etí, tí èdè gbogbo ẹ̀dá ojú ọ̀run á sì di èdè ilé. Ẹni tó bá fi í sínú ìwé rò pé ìdènà lòun mú kúrò lójú ọ̀nà. Ìtàn gan-an ló mú kúrò. Àgbọ́ìgbọ́tán Ẹ̀gùn, ìjà ní í dá sílẹ̀; bẹ́ẹ̀ ìjà àti bí ìjà ṣe ń tán lẹ sọ pé ẹ fẹ́ kọ.

Ẹ wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láàárín ènìyàn sí ènìyàn. Lọ́dún 1889, Ítálì àti Etiópíà fọwọ́ sí àdéhùn Wuchale. Nínú ẹ̀dà ti èdè Ámháríkì, abala 17 ní Ọba Menelik Kejì lè gba ọ̀dọ̀ Ítálì bá àwọn ìjọba yòókù sọ̀rọ̀ bó bá wù ú. Ẹ̀dà ti èdè Ítálì ní dandan ni kó gba ọ̀dọ̀ wọn. Láàárín "bó bá wù ú" àti "dandan ni", ọ̀rọ̀ di ogun, ó sì gbé wọn dé Adwa, ní Etiópíà, lọ́dún 1896, níbi tí Etiópíà ti ṣẹ́gun. Bákan náà ló rí ní Waitangi, New Zealand, lọ́dún 1840. Ìwé ti Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ìjòyè Máòrí, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, gbé gbogbo agbára ìjọba lé ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ti èdè Máòrí lo kawanatanga, ọ̀rọ̀ tí kò wúwo tó bẹ́ẹ̀, ó sì fi àṣẹ orí ilẹ̀ wọn sílẹ̀ fún àwọn ìjòyè náà. Wọ́n ṣì ń jiyàn lé e lórí títí dòní. Gbogbo àwọn wọ̀nyí ló ní ẹnu, tí wọ́n ní ahọ́n, tí wọ́n sì jọ ń mí afẹ́fẹ́ kan náà. Ẹ̀dá tí kò lẹ́nu wá ńkọ́? Nínú Ayé tiwa níbí, oyin ń jó láti júwe ibi tí òdòdó wà fún ẹgbẹ́ rẹ̀, òórùn ni èèrà fi ń ránṣẹ́ síra wọn, ẹranko òkun tí wọ́n ń pè ní cuttlefish sì ń pa àwọ̀ ara rẹ̀ dà wéré láti halẹ̀ mọ́ ẹlòmíràn. Nǹkan báyìí pọ̀ lẹ́sẹ̀ wa, ohun tí a ń kì bọ etí la tún ń wá.

Èmi náà ti jìn sí kòtò yìí. Nínú ìwé ìtàn mi àkọ́kọ́, orí kejì ni mo ti ki ẹ̀rọ náà bọ gbogbo wọn létí. Ìyá àgbà kan tó fi iṣẹ́ ògbufọ̀ jẹun títí ó fi fẹ̀yìn tì bá mi kà á. Ó ní, "Ọmọ mi, kí ni àwọn ẹ̀dá yìí ń pe àlàáfíà?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ó tún ní, "Àwọn tó ń túmọ̀ nínú ìwé rẹ kì í rẹ̀. Níbi iṣẹ́ tiwa, bó bá ti ń tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹlòmíràn á gbà á lọ́wọ́ wa, torí ọpọlọ á ti gbóná." Mo délé, mo yọ orí mọ́kànlá dànù.

Nínú èyí tí mo tún kọ, àwọ̀ ara ni àwọn ẹ̀dá náà fi ń sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ògbufọ̀ jókòó síwájú dígí, ogójì káàdì aláwọ̀ wà lórí itan rẹ̀. Ó ti di wákàtí kẹta, ojú ti ń ta á. Ó gbé káàdì búlúù tó ṣú díẹ̀ sókè, èyí tí gbogbo ènìyàn ti gbà pé "àlàáfíà" ló túmọ̀ sí. Àgbà inú àwọn ẹ̀dá náà wò ó, ó sì fà sẹ́yìn. Ọjọ́ kẹta ni ọmọbìnrin náà tó rí abiyamọ kan nínú wọn tó mú búlúù yẹn gan-an wá sára, tó tẹ̀ ba lórí ọmọ rẹ̀. Ó wá yé e pé "dákẹ́, sùn" ni wọ́n ti ń sọ fún àgbàlagbà látọjọ́ yìí. Ogún ojú ewé ni mo fi kọ ibẹ̀. Ìbọn kan ò dún níbẹ̀, síbẹ̀ òun ni àwọn tó ka ìwé náà ń bá mi sọ jù. Bí ẹ̀rọ bá pọn dandan fún yín, ẹ jẹ́ kó máa ṣì í. Ẹ yan ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí kò ní lè túmọ̀ láé, kí ọ̀kan nínú wọn sì wà nínú àdéhùn.

Òmíràn tún ni kí gbogbo ará ìràwọ̀ máa ní ọkàn kan ṣoṣo, bí ẹni pé wọn ò ní ọmọ ìyá tí wọ́n ń bá jà. Àdéhùn Westphalia ti 1648 tó parí ogun ọgbọ̀n ọdún ní Yúróòpù, ìlú méjì ni wọ́n ti dúnàádúrà rẹ̀, Münster àti Osnabrück, torí ẹ̀sìn ò jẹ́ kí gbogbo wọn lè pé síbì kan. Nígbà tí wọ́n fẹ́ jíròrò lórí ogun Vietnam ní Paris, láti ìparí 1968 wọ 1969, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi jiyàn lórí bí tábìlì ṣe máa rí, torí bí tábìlì bá ṣe rí ló máa fi hàn bóyá apá méjì ni wọ́n àbí mẹ́rin. Ẹ wo iye orí ìwé tó wà nínú tábìlì yẹn nìkan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí akíkanjú yín dìde ní orí tó kẹ́yìn, kó sọ̀rọ̀ tó dùn, kí ọ̀tá bú sẹ́kún, kí ogun sì tán. Ìdúnàádúrà ìdákẹ́ ìbọn ní Kòríà gba ọdún méjì gbáko kí wọ́n tó fọwọ́ sí i lọ́dún 1953, wọn ò sì tíì fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà títí di ìsinsìnyí. Ìwé ìtàn yín lè parí síbi tí ìbọn ti dákẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò sì fọkàn tán ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Ẹ má sanwó fún èèpo ìwé kí ìtàn tó dúró, torí ẹ̀dá tí ayàwòrán máa yà lónìí lè má sí nínú ìwé mọ́ lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ má tẹ ìwé kí ẹni márùn-ún tí kì í ṣe ẹbí yín tó kà á.

Nígbà tí mo sọ gbogbo èyí fún àbúrò tí mo dárúkọ lókè, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀dá tèmi yẹn ò lẹ́nu lóòótọ́. Mo sọ ọ́ ní ojú ewé kẹtàlá." A jọ ṣí ìwé, ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà yẹn ṣì wà nínú páálí. Alẹ́ ọjọ́ yẹn la bẹ̀rẹ̀ sí í tún ojú ewé kẹrìnlá kọ.