Bí Ẹ Ṣe Lè Tú Ìgbéyàwó Ká Lábẹ́ Òfin, àti Bí Kóòtù Ṣe Ń Pinnu Ibi Tí Ọmọ Yóò Wà

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń wá ìkọ̀sílẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá ló máa ń gba kóòtù kọ́kọ́-kọ́kọ́, ìyẹn kóòtù ìbílẹ̀, lọ, torí pé ó sún mọ́lé, owó rẹ̀ ò pọ̀, ẹjọ́ ibẹ̀ sì máa ń yá. Kò sóhun tó burú níbẹ̀ bó bá jẹ́ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣe. Àmọ́ bí tọkọtaya bá ti fọwọ́ sí ìwé ní rẹ́jísírì, kóòtù yẹn ò lágbára láti tú wọn ká. Bébà lásán ni ìwé tí wọ́n bá gbà níbẹ̀, ẹni tó bá sì tìtorí ẹ̀ lọ ṣe ìgbéyàwó mìíràn ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ fa ọ̀ràn: ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ni abala 370 ìwé òfin ìwà ọ̀daràn (Criminal Code) kà sílẹ̀ fún ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀.

1. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó yín jáde

Ìgbéyàwó tẹ́ ẹ ṣe ní rẹ́jísírì, tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ tó sì fún yín ní ìwé ẹ̀rí ìjọba, alárédè nìyẹn. Òfin Nàìjíríà lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, Matrimonial Causes Act ti ọdún 1970, ló ń darí rẹ̀, ilé ẹjọ́ gíga ló sì ń tú u ká. Ìdána nìkan? Kóòtù ìbílẹ̀ ni, irú èyí tó wà ní Mápó n'Íbàdàn. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sábà máa ń gbé ọ̀rọ̀ yìgì lọ lọ́dọ̀ wa. Àdúrà pásítọ̀ láìsí ìwé ìjọba kì í ṣe alárédè, bó ti wù kí aṣọ ìyàwó funfun tó.

Àwọn tó ṣe ìdána lọ́jọ́ Ẹtì, tí wọ́n tún fọwọ́ síwèé ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ńkọ́? Alárédè ló borí.

2. Ẹ ṣírò àsìkò, kẹ́ ẹ sì mọ ìdí tẹ́ ẹ máa fi pẹjọ́

Ìgbéyàwó alárédè tí kò tíì pé ọdún 2, ẹ máa ní láti kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ adájọ́ kẹ́ ẹ tó pẹjọ́, àyàfi fún ìdí bíi mélòó kan, bí àgbèrè.

Ohun kan ṣoṣo ni òfin fẹ́ gbọ́: pé ìgbéyàwó náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ọ̀nà mẹ́jọ ló là sílẹ̀ tí èèyàn lè gbà fìdí ẹ̀ múlẹ̀, ọ̀kan péré sì tó. Lára wọn ni àgbèrè tẹ́nì kejì ò lè fara dà. Ìwà tí kò ṣe é bá gbé. Kí ẹnì kan ti já ẹnì kejì jù sílẹ̀ fún ọdún kan ó kéré tán. Kí wọ́n ti máa gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún 2 tẹ́nì kejì ò sì ta kò ó, tàbí fún ọdún 3, bó gbà bó kọ̀. “Ọ̀rọ̀ wa ò wọ̀ mọ́” nìkan ò tó. Lóòótọ́, ní England, láti oṣù kẹrin ọdún 2022, kò sídìí fún kí ẹnikẹ́ni ka ẹ̀sùn sí ẹnì kejì lọ́rùn mọ́. Nàìjíríà ò tíì débẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n tó wà ní London má ṣì yín lọ́nà.

Ẹni tó bá fẹ̀sùn àgbèrè kan ọkọ tàbí aya rẹ̀ ní láti pe ẹni tí wọ́n jọ ṣe é lẹ́jọ́ pẹ̀lú. Ní tèmi, ẹni tí òun àtẹnì kejì bá ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún 3, kó fi ọdún náà pẹjọ́, kó fi àgbèrè sílẹ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ rọrùn, ohun táwọn ọmọ máa gbọ́ lẹ́nu ará àdúgbò á sì dín kù.

3. Ẹ kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sínú ìwé ìpẹ̀jọ́

Lọ́yà ní láti fọwọ́ sí i pé òun ti bá yín sọ̀rọ̀ ìlàjà. Adájọ́ náà lè sún ẹjọ́ síwájú nítorí ẹ̀. Ẹ má gbàgbé kankan: ọmọ, owó oúnjẹ, owó ilé ìwé, ilé. Adájọ́ kì í fúnni ní ohun téèyàn ò béèrè. Kò sì sí òfin pín-in-ní-dọ́gba-dọ́gba lórí dúkìá. Ẹni tó bá ní òun dá sí ilé kíkọ́, rìsíìtì símẹ́ǹtì àti ìwé báńkì ni kó kó wá.

Bí ìlùkulù bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹ má dúró de ìtúká. Òfin Èkó ti ọdún 2007 lórí ìwà ipá nínú ilé fàyè gba kéèyàn gba àṣẹ ààbò ní kóòtù. Ẹni tí kò sì lówó lọ́yà lè tọ ọ́fíìsì Public Defender l'Ékòó tàbí Legal Aid Council lọ, àwọn ọ́fíìsì ìjọba tó ń ran aláìní lọ́wọ́ lórí ẹjọ́, tàbí FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò.

4. Ọ̀rọ̀ ọmọ

Àwọn àgbà á ní bàbá ló lọmọ. Lọ́dún 1989, nínú ẹjọ́ Okwueze àti Okwueze, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ gbà pé bí àṣà tilẹ̀ fún bàbá lọ́mọ, ire ọmọ ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú. Abala 71 òfin 1970 sọ ohun kan náà fún alárédè. Nítorí náà, adájọ́ ò ní kó ọmọ fún ẹnì kan tìtorí pé ẹnì kejì ló jẹ̀bi ìtúká. Obìnrin tó ṣe àgbèrè lè gba ọmọ. Ọkùnrin tó lówó jù lè má rí i gbà.

Ohun tí adájọ́ máa ń wò ni ọjọ́ orí ọmọ (èyí tó ṣì kéré gan-an sábà máa ń wà lọ́dọ̀ ìyá), ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ gan-an kí wàhálà tó dé, ilé tó máa gbé, ilé ìwé rẹ̀, àti bóyá ó yẹ kí wọ́n pín tẹ̀gbọ́n-tàbúrò níyà. Ọmọ tó bá ti gbọ́n, adájọ́ lè pè é sí yàrá ẹ̀ láti gbọ́ tẹnu ẹ̀. Torí náà, ìwé èsì ìdánwò, rìsíìtì owó ilé ìwé àti káàdì ọsibítù wúlò ju ẹlẹ́rìí mẹ́wàá tó máa bú ọkọ tàbí ìyàwó yín lọ. Ẹni tó bá sì jí ọmọ gbé lọ sábúlé kí ìdájọ́ tó dé ń ba ẹjọ́ ara ẹ̀ jẹ́.

Ẹni tí ọmọ ò sí lọ́dọ̀ ẹ̀ ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti máa rí i. Ẹ ní kí kóòtù kọ ọ́ sílẹ̀ kedere: òpin ọ̀sẹ̀ wo, ìsinmi wo, ta ló máa wá mú un, aago mélòó. “Nígbà tó bá wù ú” ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Owó ìtọ́jú kì í ṣe owó ìwọlé: bàbá tí wọn ò jẹ́ kó rí ọmọ gbọ́dọ̀ máa san án, ìyá tí wọn ò sì san án fún ò lè tìtorí ẹ̀ fi ọmọ pamọ́. Kóòtù ni kí kálukú padà sí. Lábẹ́ òfin 1970, irú owó bẹ́ẹ̀ lè máa lọ títí ọmọ á fi pé ọdún 21, àṣẹ lórí ọmọ sì ṣe é yí padà bí nǹkan bá yí padà.

Bàbá tí kò gbé ìyá ọmọ níyàwó lè bá ìyá náà ṣàdéhùn, tàbí kó lọ sí kóòtù ìdílé, kí ẹ̀tọ́ òbí tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti ọdún 2003 ló fàyè gba èyí, gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá ló sì ti ṣe tiwọn.

5. Lẹ́yìn ìdájọ́

Àṣẹ àkọ́kọ́ tí ilé ẹjọ́ gíga máa fún yín, decree nisi, ò tíì tú ìgbéyàwó ká tán. Oṣù 3 lẹ́yìn ẹ̀ ló máa ń di decree absolute, àṣẹ ìkẹyìn tó tú ìgbéyàwó ká pátápátá. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá wà, adájọ́ ní láti kọ́kọ́ rí i pé ètò tó dáa ti wà fún un. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹlòmíràn kí absolute tó jáde. Tó bá ti jáde, ẹ padà lọ gba ẹ̀dà tí kóòtù lù lóǹtẹ̀, nítorí òun ni rẹ́jísírì máa béèrè lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ ṣe ìgbéyàwó.