Bí ẹ ṣe lè sọ etí odò àdúgbò yín di ọ̀nà ìrìn tí iṣẹ́ ọnà wà lára rẹ̀

Ibi tí omi máa ń dé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ má tíì ra ọ̀dà, ẹ má tíì pe ayàwòrán, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ́ plánì síwájú yín. Ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀ ni pé gbogbo ẹni tó bá wá bi mí bá a ṣe ṣe tiwa, ọ̀rọ̀ àwòrán ni wọ́n máa ń fi bẹ̀rẹ̀.

Bíríkìlà ni mí. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́, Òṣogbo ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi sìmẹ́ǹtì mọ ère. Odò kékeré kan wà lẹ́yìn ọjà wa tó ń ṣàn lọ bá odò Ògùnpa ní Ìbàdàn. Ó ti lé lọ́dún mẹ́jọ báyìí témi àtàwọn ará àdúgbò ti ń tún etí rẹ̀ ṣe, láti afárá àwọn alápatà títí dé afárá ilé ìwé. Gbogbo rẹ̀ ò ju 180 mítà lọ. Lónìí, àwọn àgbàlagbà ń nasẹ̀ níbẹ̀ láàárọ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé ń gba ibẹ̀ dípò títì, àwọn tó ń ṣègbéyàwó náà sì ń wá ya fọ́tò.

Ìlà omi

Ìyá àgbà kan wà tó ń ta èlùbọ́ lẹ́bàá afárá. Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, níbo lomi dé nígbà Ògùnpa ọdún 1980?" Wọn ò dá mi lóhùn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n rìn lọ sídìí ògiri ilé wọn, wọ́n sì nawọ́ sókè títí ọwọ́ wọn fi kan ìsàlẹ̀ fèrèsé. "Ibí ni, ọmọ mi. Ojú mi báyìí ni àpótí aṣọ mi ṣe léfòó lọ." Wọ́n wá sọ ọwọ́ náà kalẹ̀ dé ìgbáròkó wọn. "Ti 2011, ibí ló mọ." Mo fi ẹfun fàlà síbi méjèèjì.

Àwọn ọmọ tó ń dàgbà báyìí ò mọ ohun tí ìlà yẹn túmọ̀ sí. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 ni Ògùnpa kún àkúnya, tó kó ilé, ọkọ̀ àti èèyàn lọ. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 ni omíyalé mìíràn tún dé, ẹ̀mí tó bá a lọ sì lé ní ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ pe ará ìlú wá rìn létí odò ní Ìbàdàn gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọjọ́ méjèèjì yẹn dé lórí ilẹ̀ tó dúró lé.

Bẹ́ ẹ bá ti rí àmì, ẹ mú rọ́bà tó mọ́ gaara, irú èyí táwa bíríkìlà fi ń mú lẹ́fẹ́ẹ̀lì, kẹ́ ẹ bomi sí i. Kí ẹnì kan di orí kan mú lára ìlà ẹfun náà, kí ẹnìkejì gbé orí kejì lọ sódìkejì odò. Ibi tí omi bá dúró sí nínú rọ́bà ni àkúnya yóò dé lọ́hùn-ún. Àmọ́ ẹ má fi ìlà kan ṣoṣo wọn odò látòkè délẹ̀. Omi tó ń ṣàn kì í tẹ́jú bí omi inú abọ́, ṣe ló máa ń rọlẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ní gbogbo ogún mítà, ẹ tún wá àgbàlagbà mìíràn bi, tàbí kẹ́ ẹ wo àmì ẹrẹ̀ lára ògiri.

Nígbà náà ni etí odò yóò pín sí mẹ́ta lójú yín. Ibi tí omi ń bò lọ́dọọdún, òkúta àti koríko nìkan ló yẹ ibẹ̀, pẹ̀lú ọ̀nà ìrìn tí kò ní bàjẹ́ bí omi bá bò ó. Láàárín ibẹ̀ sí ìlà 2011 ni ère sìmẹ́ǹtì àti bẹ́ǹṣì kọ́ńkéré lè wà. Òkè ìlà yẹn ni kí ọ̀dà, iná sólà àti bátìrì rẹ̀ gbé.

Ní Seoul, olú ìlú South Korea, wọ́n wó afárá ọkọ̀ tó bo odò Cheonggyecheon mọ́lẹ̀, wọ́n sì ṣí odò náà fún ará ìlú ní 2005. Ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, ni ọ̀nà ìrìn ibẹ̀ wà. Tí òjò ńlá bá ti ń bọ̀, wọ́n á ti ẹnu ọ̀nà, wọ́n á sì ní kí gbogbo èèyàn gòkè. Àwa náà fi ṣéènì sí ẹnu àtẹ̀gùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Fókánáísà kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí odò ló ń tì í bí ojú ọ̀run bá ti ṣú. Ẹ yan ẹni tiyín kó tó di pé ẹ kọ́ àtẹ̀gùn.

Ẹ má gba ilẹ̀ lọ́wọ́ omi

Àwọn kan á sọ fún yín pé kẹ́ ẹ mọ ògiri wọnú odò kí ọ̀nà lè fẹ̀. Ẹ má gbà. Bẹ́ ẹ bá fún odò lọ́rùn níbí, ilé ẹlòmíì ni yóò gbà lọ lókè. Ní San Antonio ní ìpínlẹ̀ Texas, lẹ́yìn tí àkúnya ọdún 1921 pààyàn, àwọn kan ní kí wọ́n bo apá kan odò ìlú wọn kó di kòtò àgbàrá abẹ́ ilẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924 láti dáàbò bo ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú náà kọ̀ jálẹ̀. Ìlú náà parí ìdídò Olmos, ìyẹn ògiri ńlá tó ń dá omi dúró, ní 1926, wọ́n sì la ojú ọ̀nà mìíràn fún àgbàrá. Ìgbà yẹn ni ètò tí ayàwòrán ilé kan, Robert Hugman, gbé wá ní 1929 tó lè ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, tí wọ́n sì kọ́ ọ̀nà ìrìn etí odò wọn láàárín 1939 sí 1941. Àgbàrá ni wọ́n kọ́kọ́ wá ibi fún, ẹwà wá tẹ̀ lé e.

Níbi tí bèbè odò bá ti ń ya, ẹ lo gábíọ̀n, ìyẹn apẹ̀rẹ̀ wáyà tí wọ́n kó òkúta sí. Omi ń gba inú rẹ̀ kọjá, kì í sì í wó lulẹ̀ bọ̀ọ̀ bí ògiri búlọ́ọ̀kù. Ẹ gbin koríko vetiver sókè rẹ̀, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ ń wọlẹ̀ lọ jìnnà, ó sì ń di ilẹ̀ mú. Bó bá di dandan kẹ́ ẹ mọ ògiri, ẹ fi páìpù kéékèèké sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè rí ibi jáde.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà fẹ̀ tó mítà méjì, kí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ àti ìyá tó gbé igbá lè pàdé láìfara kanra. Ẹ jẹ́ kó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sí apá odò kí omi má bàa dá sórí rẹ̀. A kọ́kọ́ kó òkúta wẹ́wẹ́, a sì gún un dáadáa, kí a tó to ìntálọ́ọ̀kì lé e. Ibi tá a ti kánjú gún un ló ti rì lọ́dún kejì.

Ìdọ̀tí

Oṣù méjì gbáko la fi kó ìdọ̀tí, kò sì sí ohun tí ì bá dí wa lọ́wọ́ àtikó o títí ayé ká ní a ò bá àwọn tó ń dà á síbẹ̀ sọ̀rọ̀. A ò bú wọn. A lọ bá ìyálọ́jà, a bi wọ́n pé, "Ìyá, níbo lẹ fẹ́ kí wọ́n dà á sí?" Ẹ̀rín ni wọ́n fi dáhùn, nítorí wọ́n mọ̀ pé kò sí ibẹ̀. A wá gbé dúrọ́ọ̀mù mẹ́fà kalẹ̀, ọjà ń dá owó fún ọlọ́kọ̀ tó ń kó o lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Àwọn alápatà gbẹ́ kòtò fún ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran. Ilé mẹ́ta ló tún fa páìpù ṣáláńgá wọn sínú odò. Èyí ló le jù, nítorí ìtìjú ló ń mú kí onílé jiyàn. Ìrọ̀lẹ́ la lọ bá wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìsí èrò. Tí páìpù yẹn bá ṣì ń dà, ẹ má ṣe pe ọmọdé wá sétí odò.

Ìwé àṣẹ ńkọ́? Ẹ gbà á kẹ́ ẹ tó da kọ́ńkéré: ọ̀dọ̀ ẹbí tó nilẹ̀, ọ̀dọ̀ kánsù, àti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó ń bójú tó àyíká ní ìpínlẹ̀. A fi ọ̀rọ̀ ẹnu bẹ̀rẹ̀ tiwa, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kan sì wá fi ọ̀dà pupa sàmì sí àtẹ̀gùn tuntun wa. Ọdún kan ó lé la fi dúró. Ẹ tún béèrè bóyá ẹbí kan wà tó ń bọ odò náà. Bí wọ́n bá wà, ibi tí wọ́n ń lò tiwọn ni, ẹ yà á sọ́tọ̀.

Iṣẹ́ ọnà

Ẹ wo àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò yín kẹ́ ẹ tó pe ẹni tó jìnnà. Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Austria tó wá sí Nàìjíríà ní 1950, oníṣẹ́ ọwọ́ Òṣogbo ló bá ṣiṣẹ́ ní igbó Ọ̀ṣun. Bíríkìlà bíi tèmi ni Adébísí Àkànjí, agbẹ́gilére ni Kàsálì Àkàngbé. UNESCO fi igbó náà sínú ìwé ogún ayé ní 2005. Ibi ìjọsìn nibẹ̀ o, kì í ṣe ibi ìnàjú, ẹ má lọ da ère wọn kọ. Ọgbọ́n ọwọ́ wọn ni kẹ́ ẹ kọ́.

Iṣẹ́ ọnà àkọ́kọ́ tá a ṣe ni ìlà Màmá. A gba àwo tó fọ́ àti táìlì tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ àwọn ará ilé, a sì fi aláwọ̀ búlúù to ìlà ọdún 1980 àti ti 2011 sára ògiri látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwo àti táìlì kì í ṣá, omi ń fọ̀ ọ́ ni. Ọ̀dà ńkọ́? Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ògiri náà láàárọ̀ kùtù. Bó bá tutù rinrin, omi wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀dà yóò bó kí ọdún tó yí po.

Fún ère, ẹ fi irin mílímítà mẹ́wàá ṣe egungun rẹ̀, kẹ́ ẹ rì í sínú ìpìlẹ̀ kọ́ńkéré. Ẹ fi wáyà de nẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn. Sìmẹ́ǹtì kan sí yanrìn mímúná mẹ́ta ni kẹ́ ẹ pò, yanrìn tẹ́ ẹ ti ṣan, kí omi rẹ̀ má pọ̀. Ẹ bu díẹ̀ sọ́wọ́ kẹ́ ẹ fún un: bó bá dúró bí ẹ̀bà tí ò sì jo láàárín ìka, ó ti tó. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wọnú nẹ́ẹ̀tì títí yóò fi yọ lódìkejì. Ẹ ha ojú rẹ̀ kó tó gbẹ, kí ìpele kejì lè dì í mú. Kó bo irin tó sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀, nítorí ìpẹtà ló ń pa ère etí omi. Ẹ fi àpò tútù bò ó fún ọjọ́ méje, kẹ́ ẹ sì máa bomi wọ́n ọn.

Ẹja ńlá kan la kọ́kọ́ mọ sísàlẹ̀, ó la ẹnu sí ibi tí omi ti ń bọ̀. Èmi ni mo yan ibẹ̀, nítorí ó wù mí kí omi máa gba ẹnu rẹ̀ wọlé. Ní oṣù Keje, ọ̀rá, akísà àti mátírẹ́ẹ̀sì kan há sí i lẹ́nu, omi sì yà sí ṣọ́ọ̀bù ẹnìkan lódìkejì. Mo lọ bẹ̀ ẹ́, mo bá a kó ẹrẹ̀, mo sì fi òòlù fọ́ ẹja náà lọ́jọ́ kejì. Ohunkóhun tí omi yóò bá kàn, ẹ jẹ́ kó dán, kó yípo, kó má ní ihò, kó sì kẹ̀yìn sí omi.

Lọ́dọọdún, nínú oṣù Kẹta, kí òjò tó rọ̀ dáadáa, a máa ń mú òòlù kékeré, a ó sì máa kan ère kọ̀ọ̀kan, látorí dé ìdí, pẹ̀lú etí lára rẹ̀. Bó bá dún gan-an bí òkúta, a ó kọjá. Ibi tó bá dún bí igbá òfìfo, omi ti wọ abẹ́ rẹ̀: a ó ṣí i, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha ìpẹtà títí irin yóò fi tàn, a ó fi sìmẹ́ǹtì ṣíṣàn kùn ún, a ó sì tún un rẹ́ lọ́jọ́ náà.