Bí a ṣe ń fi kùkù àgbàdo àti èèpo ẹ̀pà ṣe èédú

Lẹ́bàá títì Nyanya àti Mararaba nítòsí Àbújá, kùkù àgbàdo àti èèpo ẹ̀pà kì í wọ́n. Èédú ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ń sun dànù.

Ẹ sá wọn títí wọn yóò fi dún kó bí ẹ bá ṣẹ́ wọn. Èèpo iṣu náà dára, àmọ́ ẹ gbọn iyanrìn ara rẹ̀ nù. Ọ̀rá àti ike kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀: májèlé ni éèfín wọn.

Ẹ wá dúrọ́ọ̀mù lítà 200 tó ní ọmọrí, tí kò gbé kẹ́míkà rí. Ẹ lu ihò mẹ́fà tó gba àtàǹpàkò sí ìdí rẹ̀, kí ẹ gbé e ka òkúta mẹ́ta. Ẹ kó díẹ̀ nínú kùkù àti èèpo náà sínú rẹ̀, ẹ dá iná sí i ní ìsàlẹ̀. Bó bá ti ràn dáadáa, ẹ máa kó ìyókù lé e díẹ̀díẹ̀.

Éèfín ni kí ẹ máa wò. Bó bá funfun tó sì ki, omi ló ń jáde. Bó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tó ń ta ni lójú, ọ̀dà inú rẹ̀ ló ń yọ. Nígbà tó bá fẹ́lẹ́ bí aró tí a bu omi là, ó ti jinná. Kíá, ẹ de ọmọrí, ẹ fi igi gígùn ti òkúta kúrò kí dúrọ́ọ̀mù jókòó sílẹ̀, ẹ fi ẹrẹ̀ dí ìdí àti etí ọmọrí. Ibí gan-an lọ̀pọ̀ ti ń pàdánù: bí ihò kékeré kan bá ń mí, eérú lẹ ó bá láàárọ̀. Bí ẹ bá sì ṣí i kó tó tutù, á tún gbiná. Ọjọ́ kejì ni kí ẹ ṣí i. Nínú kílò 10, nǹkan bíi 2 sí 3 ló máa kù. Olè kọ́ ló jà yín.

Ẹ gún un, ẹ jọ̀ ọ́. Kílò kan sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tó fún kílò 10 ìyẹ̀fun èédú. Ẹ fi omi tútù po sítáàṣì náà, ẹ sè é títí yóò fi ki tí yóò sì máa dán. Sítáàṣì tútù kò lè mú èédú pọ̀, ooru ló ń jẹ́ kó wú kó sì lẹ̀. Ẹ po òun àti ìyẹ̀fun èédú pọ̀, ẹ fún díẹ̀ lọ́wọ́: bí omi bá kán, ó rọ̀ jù; bó bá fọ́, ẹ fi omi sí i.

Ẹ kó àpòpọ̀ náà sínú agolo mílíìkì tí a gé orí àti ìdí rẹ̀, ẹ fi igi tẹ̀ ẹ́ gidi, kí ẹ tì í jáde. Lásìkò ọyẹ́, ẹ kọ́kọ́ fi í sí ibòji fún ọjọ́ kan, kí ara má baà gbẹ ṣáájú inú, kó wá là. Lẹ́yìn náà, oòrùn ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin.

Ìta ni kí ẹ ti máa dáná rẹ̀. Èédú tó pọ́n, tí kò rú éèfín mọ́, ṣì ń tú gáàsì tí kò ní òórùn, tó sì ń pani. Ẹ má gbé e wọ yàrá torí òtútù ọyẹ́.