Ojú Ìwé 32 Tí Wọ́n Jẹ Mí

Ìwé mẹ́rin ni mo kà láàárín oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kejìlá. Mẹ́ta nínú wọn kò dà mí láàmú. Ẹ̀kẹrin, Rosewater tí Tade Thompson kọ, ló gba ọ̀sẹ̀ méje gbáko lọ́wọ́ mi, kì í sì í ṣe pé ìwé náà le. Ìwé tí kò pé ni wọ́n tà fún mi. 7,500 náírà ni mo san. Owó ọkọ̀ tí mo tún ná kí n tó mọ ohun tó wà nínú àwọn ojú ìwé 32 tí wọ́n jẹ mí, díẹ̀ ló kù kó tó iye yẹn. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, inú ṣì ń bí mi.

Olùkọ́ bàọ́lọ́jì ni mí ní Ìbàdàn. Nígbà tí a dé orí ẹ̀kọ́ olú ní kíláàsì SS2, ọmọ kan dìde, ó ní, "Mà, ṣé olú lè ronú?" Mo dá a lóhùn pé olú kò ní ọpọlọ, pé okùn tín-ín-tín-ín tó máa ń ta sábẹ́ ilẹ̀ ló fi ń wá oúnjẹ, òun náà ló sì fi ń so mọ́ gbòǹgbò igi. Ọmọ náà jókòó, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Ọ̀kan nínú àwa olùkọ́ ló sọ fún mi pé ọmọ Yorùbá kan, tó jẹ́ dókítà àwọn aláìsàn ọpọlọ ní Ìlú Ọba, ti kọ ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì lórí nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀. Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo ti wà ní Dùgbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí ìwé náà ṣe dára tó, kí ìbínú mi má baà bò ó mọ́lẹ̀. Nàìjíríà ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ní ọdún 2066. Ẹ̀dá àjèjì ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Wormwood já láti òfuurufú sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gba abẹ́ ilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Ó ta òrùlé rìbìtì kan bo ara rẹ̀, ìlú sì hù yí òrùlé náà ká. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni òrùlé yẹn máa ń ṣí. Àwọn aláìsàn á ti kóra jọ síbẹ̀, ara wọn á yá lójú ẹsẹ̀. Àwọn mìíràn wà tí ẹ̀yà ara wọn á tò lọ́nà òdì, òkú náà á sì dìde láìsí ọkàn nínú wọn. Ẹni tó bá ti há sí Márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní alẹ́ tí ìsọjí ńlá bá wà ti mọ bí èrò yẹn ṣe rí, ó mọ ojú tí aláìsàn fi ń wo ibi tó rò pé ìwòsàn wà.

Kaaro ni orúkọ ẹni tó ń sọ ìtàn náà. Àwa gbọ́ ìkíni òwúrọ̀ nínú orúkọ yẹn lójú ẹsẹ̀, Òyìnbó tó ń kà á kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ó máa ń wọ inú ọkàn àwọn ènìyàn, nítorí pé àwọn ohun abẹ̀mí tín-ín-tín-ín tó jọ olú ti kún inú afẹ́fẹ́, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ara gbogbo ènìyàn, wọ́n sì so wọ́n pọ̀ mọ́ra. Ibi tí mo ti dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì ni ibi tí wọ́n ti ń fi clotrimazole dí ọ̀nà mọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọlé. Clotrimazole! Ìpara tí gbogbo kẹ́mísìtì ń tà fún làpálàpá. Òǹkọ̀wé yìí mọ̀ pé bí nǹkan bá jẹ́ ẹbí olú, oògùn tó ń pa ẹbí olú ni yóò ràn án. Mo gbé ibẹ̀ lọ sí kíláàsì ní ọjọ́ Ajé, n kò sì tíì rí kí àwọn ọmọ yẹn tẹ́tí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Ìtàn náà kì í lọ tààrà. Orí kan á wà fún ìsinsìnyí, òmíràn á padà sí àtijọ́ nígbà tí Kaaro ṣì ń jalè ní Èkó. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n tètè fura. Àmì ìdánudúró ló parí ojú ìwé 192 tèmi. Mo ṣí i, mo ń bá kíkà lọ, mo wá bá ara mi láàárín ọ̀rọ̀ tí n kò mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń tọ́ka sí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ bí ẹni pé ó ṣojú mi. Mo ní ọ̀nà òǹkọ̀wé ni. Mo padà sẹ́yìn, mo tún un kà, mo tún padà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń dá ara mi lẹ́bi pé orí mi ni kò gbé e, lẹ́yìn náà mo wá ń dá òǹkọ̀wé lẹ́bi. Mo dúró nínú yàrá àwa olùkọ́, mo sọ ọ́ sókè pé ọkùnrin yìí kò mọ ìtàn í tò. Ó dùn mí títí di òní. Ìwé tó gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019 ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ àìdáa sí, lórí ojú ìwé tí ẹlòmíràn yọ kúrò nínú rẹ̀.

Alẹ́ Ọjọ́rú, wọ́n mú iná lọ, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù. Ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé níbi tí ojú ènìyàn kì í dé. 192 wà lápá òsì, 225 wà lápá ọ̀tún.

Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń di ìwé lè rò pé ojú ìwé kan tàbí méjì ló máa ń já bọ́. Wọn kì í tẹ ìwé ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Bébà ńlá kan ni wọ́n máa ń tẹ̀ ní iwájú àti ẹ̀yìn, wọ́n á ká a títí yóò fi di ìdì olójú ìwé 16 tàbí 32, wọ́n á wá to àwọn ìdì náà léra, wọ́n á sì lẹ̀ wọ́n mọ́ èèpo. Bí ẹni tó ń tò ó bá fo ìdì kan, gbogbo 32 lọ nìyẹn, ẹ̀yìn ìwé á sì dán gbinrin bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé gidi máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn tó ń tẹ ayédèrú ní òru kò bìkítà. Ayédèrú sì ni tèmi, mo wá rí i nígbà tí mo yẹ bébà rẹ̀ wò dáadáa: ó fúyẹ́, tàdáwà ẹ̀yìn rẹ̀ ń hàn síwájú.

Mo gbé e padà lọ sí Dùgbẹ̀. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi kí mi dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀ pàápàá. "Mọ̀mí, ẹ má bínú, mà. Ẹ padà wá ní Sátidé, màá ti bá yín mú òmíràn wá." Mo gbà. Sátidé kejì, ìsọ̀ rẹ̀ wà ní títì. Ẹnìkejì rẹ̀ tó ń ta ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ní ó lọ síbi òkú. Sátidé kẹta, mo bá a, ó na ìwé tuntun sí mi nínú ọ̀rá, ó ní, "Ó ti délé, mà." Inú mi dùn, mo ti fẹ́ máa lọ, nǹkan kan ní kí n ṣí i. 192. 225.

Mo ní, "Àbúrò mi, gbé àwọn tó kù wá." Mẹ́rin ló kù lórí tábìlì. Mo ṣí wọn níkọ̀ọ̀kan lójú rẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fo láti 192 sí 225.

Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Bí wọ́n ṣe kó o wá fún wa nìyẹn, mà. Ẹlòmíràn ò tíì wá ṣàròyé."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà. Àwọn ènìyàn ti ra ìwé yìí, wọ́n ti kà á tán, wọ́n sì ti gbà pé bẹ́ẹ̀ ni òǹkọ̀wé ṣe kọ ọ́. Ẹnìkan wà níbìkan ní Ìbàdàn yìí tó ń sọ, bí mo ṣe sọ, pé ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì kì í yé ènìyàn. Olè yẹn kò mọ sórí owó òǹkọ̀wé. Ó ba orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀.

Owó mi kò padà. Owó ọwọ́ ni mo san, kò sí rísíìtì, ó sì ní òun kò rántí iye tí mo san. Ká ní mo ṣe tíránsífà ni, ǹ bá ní ohun tí màá nà sí i. Mo gbìyànjú ilé ìkàwé méjì lẹ́yìn ìyẹn. Àkọ́kọ́ kò gbọ́ orúkọ ìwé náà rí. Ìkejì ní in nínú àkọsílẹ̀, ṣùgbọ́n àyè rẹ̀ lórí pẹpẹ ṣófo, akọ̀wé ibẹ̀ sì ní kí n máa yọjú. Mo yọjú lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló gbà mí. Ó pè láti kí mi ní ọjọ́ Àìkú kan, mo ro ẹjọ́ fún un. Nígbà tó di Ọjọ́rú, ó ti yá ìwé náà ní ilé ìkàwé àdúgbò rẹ̀, láìsan kọ́bọ̀. Ó ní, "Àǹtí, ṣé kí n ya fọ́tò àwọn ojú ìwé náà ránṣẹ́ sí yín ni?" Mo ní rárá. Bí mo ṣe ń bá àwọn tó ń da ìwé olówó kọ jà yẹn, kí èmi náà má lọ bẹ̀rẹ̀ tèmi lórí WhatsApp. Mo ní, "Kà á fún mi."

Alẹ́ méjì ló fi kà á. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni á pè, tí òun ti dé láti ibi iṣẹ́, tí èmi náà ti fọ abọ́ tán. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, nítorí náà bí ó bá kan orúkọ Yorùbá, á dúró, á ní, "Àǹtí, báwo la ṣe ń pè é?" Màá pè é, á tún un pè títí yóò fi bọ́ sí i, a ó tẹ̀síwájú. Ní alẹ́ kejì, ọmọbìnrin mi gbé àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun náà ń gbọ́. Nígbà tó dé òpin 224, mo ti ṣí 225 tèmi sílẹ̀, mo sì ka gbólóhùn àkọ́kọ́ pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo rẹ̀ so mọ́ra. Kò sí ibi tí ìtàn yẹn ti dàrú. Ọkùnrin náà tò ó bí ẹni to ìlẹ̀kẹ̀, mo sì lọ sọ bẹ́ẹ̀ nínú yàrá àwa olùkọ́ ní ọjọ́ kejì, níbi tí mo ti sọ èkíní.

Àwọn ìwé yòókù ni mo kà nígbà tí mo ń dúró. Lagoon ti Nnedi Okorafor, tó jáde ní 2014, rọ̀ mí lọ́rùn láti wọ̀. Àwọn àjèjì jáde láti inú òkun ní Bar Beach, kó tó di ibi tí wọ́n kó iyanrìn dí fún Eko Atlantic. Ẹja kan tí ẹnu rẹ̀ gùn bí idà, tó lọ gún páìpù epo rọ̀bì, ni wọ́n fi ṣí ìtàn náà, èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ nípa omi tí epo bàjẹ́ sì mọ ohun tó ń bí ẹja yẹn nínú. Mo fẹ́ràn ojú ọ̀nà márosẹ̀ tó ń gbé ènìyàn mì. Ohun tí n kò fẹ́ràn ni pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń yí padà jù. Bí mo bá ṣe ń mọ ẹnìkan, wọ́n ti mú un lọ.

Parable of the Sower ni mo fẹ́ràn jù lẹ́yìn Rosewater, orí fóònù ni mo ti kà á. Octavia Butler tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1993, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀ ní ogúnjọ́ oṣù Keje ọdún 2024, ní ìlú kékeré kan ní California tí wọ́n mọ odi yí ká. Ọmọbìnrin tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ máa ń jẹ̀rora bí ó bá rí ẹni tó ń jẹ̀rora. Orúkọ rẹ̀ ni Lauren Oya Olamina. Mo dúró lórí orúkọ yẹn. Òǹkọ̀wé obìnrin adúláwọ̀ kan ní Amẹ́ríkà ń wá orúkọ fún ọmọ tí ìjì yóò lé kúrò nílé tí yóò sì kó èrò sẹ́yìn, orúkọ Ọya ló mú. Nígbà tí Lauren wá pàdé ọkùnrin kan lójú ọ̀nà tó ń jẹ́ Bankole, mo pariwo.

Ìyẹn ló mú mi padà sí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, tí Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938. Ẹ̀dà bàbá mi ni, ó ti gbó, ṣùgbọ́n ó pé. Bí mo tún ṣe bá Agbákò olójú mẹ́rìndínlógún pàdé níbẹ̀, mo rí i pé n kò wá ẹ̀dá àjèjì lọ sí ibì kankan tó jìnnà rárá.

Ẹni tó bá ń lọ ra ìwé lórí tábìlì ẹ̀bá ọ̀nà, kó má wo èèpo. Kó wo nọ́ńbà ìsàlẹ̀, kó fò ó ní ìdì ìdì, 32, 64, 96, kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Kó gbé bébà rẹ̀ sókè sí oòrùn. Bí ìtàn bá sì ṣàdédé dàrú mọ́ ọn lójú, kó wo nọ́ńbà kó tó bínú sí òǹkọ̀wé.

Apá kejì ti dé ọwọ́ mi báyìí, The Rosewater Insurrection. Ilé ìtàwé kan tó ní ṣọ́ọ̀bù gidi ni mo ti rà á, ó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Èmi àti ọmọbìnrin mi ti ka gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ láti 1 títí dé ìparí. Ó pé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà ti lọ yá tirẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ní ká dúró de òun di Sátidé.